Bí A Ṣe Ń Wádìí Súwíìsì Kọ́kọ́rọ́ Sùkútà Kí A Tó Ra Tuntun

Ọ̀pọ̀ súwíìsì kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ń yọ sọnù lára sùkútà ní Òṣogbo ni kò ní àìsàn kankan. Ẹni tó ni alùpùpù á tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ kò ní dáhùn. Á yí kọ́kọ́rọ́ lọ, á yí i bọ̀, iná kankan kò ní yọjú ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọkàn rẹ̀ á sì lọ tààrà sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà, ìyẹn ihò kọ́kọ́rọ́. Yóò ra tuntun, wọn yóò tú iwájú alùpùpù palẹ̀, wọn yóò so tuntun mọ́ ọn, ìgbà yẹn ni wọn yóò tó rí i pé fíúsì ló jó, tàbí pé orí bátìrì ló dípẹtà. Owó ti lọ, ike iwájú ti sán, ohun tó ń ṣe alùpùpù sì wà níbi tó wà. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání ni pé kí ẹ má ṣe ra súwíìsì títí ẹ ó fi rí i fúnra yín, pẹ̀lú mítà, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn iná, tàbí pẹ̀lú gílóòbù kékeré, pé iná wọ inú súwíìsì náà tí kò sì jáde. Àlàyé tó tẹ̀ lé e yìí wà fún ẹni tó ni sùkútà tó fẹ́ wádìí fúnra rẹ̀, àti fún ọmọṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ rẹ̀wáyà.

Iṣẹ́ tí súwíìsì yìí ń ṣe

Lábẹ́ irin tí kọ́kọ́rọ́ ń yí, ike kékeré kan wà tí àwọn awẹ́ idẹ wà nínú rẹ̀. Bí a bá yí kọ́kọ́rọ́ sí ipò títàn, awẹ́ idẹ kan yóò so wáyà tó ń bọ̀ láti bátìrì mọ́ wáyà tó ń gbé iná lọ sí dáṣíbọ́ọ̀dù, fèrè, iná bíréèkì àti bọ́tìnnì sítátà. Lára ọ̀pọ̀ sùkútà tí wọ́n ń kó wá láti Ṣáínà, tí ẹ̀rọ wọn jẹ́ irú èyí tí a mọ̀ sí GY6, wáyà mẹ́rin ló sábà máa ń jáde nínú súwíìsì. Wáyà pupa ń gbé iná bátìrì wọlé. Wáyà dúdú ń gbé e jáde nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní ipò títàn. Wáyà dúdú onílà funfun lọ bá CDI, àpótí kékeré tó ń ṣètò iná púlọ́ọ̀gì. Wáyà aláwọ̀ ewé sì ni nẹ́gétíìfù, tó so mọ́ ara irin alùpùpù. Àwọ̀ wọ̀nyí wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ti tún wáyà ṣe ṣáájú yín lè ti fi àwọ̀ mìíràn dípò wọn, nítorí náà mítà ni kí ẹ fi jẹ́rìí, ojú nìkan kò tó.

Iṣẹ́ wáyà dúdú onílà funfun yẹn máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Lára àwọn ẹ̀rọ tí CDI wọn ń gba iná láti ara kọ́ìlì tó wà nínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, tí kì í gbà á láti ara bátìrì, súwíìsì kì í gbé iná fún púlọ́ọ̀gì rárá. Nígbà tí a bá pa kọ́kọ́rọ́, ṣe ni súwíìsì so wáyà yẹn mọ́ nẹ́gétíìfù, iná CDI á wọlẹ̀, ẹ̀rọ á kú. Nígbà tí a bá tan kọ́kọ́rọ́, á tú wọn ká. Ìdí nìyí tí irú sùkútà bẹ́ẹ̀ fi lè gba kíìkì kó sì ṣiṣẹ́ bí bátìrì rẹ̀ tilẹ̀ ti kú pátápátá. Àwọn mìíràn wà tí CDI wọn ń gba iná bátìrì, àwọn tuntun sì wà tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà kékeré ló ń wọn epo fún ẹ̀rọ wọn; ní ti àwọn wọ̀nyí, súwíìsì gbọ́dọ̀ gbé fóòtì 12 jáde kí púlọ́ọ̀gì tó lè tan iná.

Ẹ mọ èyí tí tiyín jẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí ohun tó jẹ́ ẹ̀rí lára ọ̀kan kì í ṣe ẹ̀rí lára èkejì. Bí ìwé alùpùpù bá ti sọnù, ẹ gbé e sórí ìdúró àárín kí táyà ẹ̀yìn má kan ilẹ̀, ẹ yọ fíúsì ńlá tó wà nídìí bátìrì, ẹ tan kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ ta kíìkì. Bí ẹ̀rọ bá gbà láìsí fíúsì, irú àkọ́kọ́ ni. Ẹ má ṣe fún un ní epo púpọ̀ ní àkókò yẹn o, ẹ pa á kíákíá, torí bí kò bá sí bátìrì tó ń gba iná tó ń jáde lára ẹ̀rọ, ó lè jó àwọn gílóòbù.

Ẹ fetí sí ohun tí alùpùpù ń sọ

Ṣáájú kí ẹ tó mú sùkúrúdíráfà, ẹ fara balẹ̀ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an, torí ìdajì ìwádìí ti wà níbẹ̀. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ tí ohunkóhun kò tàn, tí fèrè kò dún, a jẹ́ pé iná bátìrì kò dé ibi tó yẹ kó dé. Ó lè jẹ́ bátìrì fúnra rẹ̀, orí rẹ̀, fíúsì, wáyà pupa tàbí súwíìsì. Bí gbogbo iná bá tàn, tí fèrè ń dún ketekete, ṣùgbọ́n tí sítátà kò yí, ẹ mú ojú kúrò lára súwíìsì kọ́kọ́rọ́, torí ó ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Sítátà ọ̀pọ̀ sùkútà kì í yí àfi bí a bá di bíréèkì mú, nítorí súwíìsì kékeré tó wà nídìí ọwọ́ bíréèkì ló ń jẹ́ kí iná dé bọ́tìnnì. Ẹ di bíréèkì mú, kí ẹnìkan wo iná ẹ̀yìn fún yín. Bí iná bíréèkì kò bá tàn, ẹ gbìyànjú bíréèkì ọwọ́ kejì. Bí sítátà bá yí pẹ̀lú ọ̀kan tí kò yí pẹ̀lú èkejì, ẹ ti rí i nìyẹn, iye tí súwíìsì bíréèkì sì ń jẹ́ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti kọ́kọ́rọ́. Lára àwọn kan, ìdúró ẹ̀gbẹ́ náà ní súwíìsì tirẹ̀, ẹ̀rọ kò sì ní dáhùn títí ẹ ó fi ká a sókè.

Bí iná bá tàn, tí sítátà yí dáadáa, tí ẹ̀rọ kò sì gbà, ẹ kọ́kọ́ wo bọ́tìnnì pupa tí wọ́n fi ń pa ẹ̀rọ lára hándù, bí tiyín bá ní i, torí àwọn ọmọdé a máa fi ṣeré. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó ronú kan púlọ́ọ̀gì, epo àti wáyà onílà funfun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá jẹ́ pé bí ẹ ti tẹ bọ́tìnnì báyìí ni gbogbo iná ṣókùnkùn, bátìrì ti rẹ̀, tàbí ibì kan wà tí iná kékeré lè gbà kọjá ṣùgbọ́n tí iná ńlá kò lè gbà kọjá. Bí ẹ bá sì pa kọ́kọ́rọ́ tí ẹ̀rọ kò kú, wáyà onílà funfun kò dé nẹ́gétíìfù mọ́. Yálà ó ti já lójú ọ̀nà, tàbí awẹ́ idẹ tó yẹ kó so wọ́n pọ̀ ti jẹ.

Èyí tó máa ń dààmú ènìyàn jù ni ẹ̀rọ tó ń kú lójijì lójú ọ̀nà tó tún ń gbà padà. Obìnrin kan tó ń ta àdìrẹ ní Ọjà-Ọba gbé irú rẹ̀ wá. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá fẹ́ yà sọ́wọ́ òsì ní ìkóríta Ọláìyá ni ẹ̀rọ ń kú, tó bá sì ti tọ́ hándù padà, á gbà. Wọ́n ti bá a pààrọ̀ súwíìsì kọ́kọ́rọ́, kò sì yí padà. Nígbà tí a tú ike iwájú, tí a ń yí hándù díẹ̀díẹ̀, a rí i pé gbogbo wáyà tó lọ sí iwájú ni wọ́n so mọ́ ọrùn alùpùpù gírígírí, tí kò sí àyè fún wọn láti tẹ̀. Awọ wáyà dúdú ṣì dán lójú, kò sí àpá kankan lára rẹ̀, ṣùgbọ́n níbi tó ti ń tẹ̀, ó rọ̀ bí ìfun. Nígbà tí a là á, àwọn okùn bàbà tó wà nínú rẹ̀ ti já tán, ó ku méjì péré, àwọn méjì náà sì ti dúdú nítorí ooru. Súwíìsì àtijọ́ tí wọ́n yọ sọnù kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Nítorí náà, bí àìsàn bá ń lọ tó ń bọ̀, ẹ yí hándù láti òsì títí dé ọ̀tún nígbà tí ẹ̀rọ wà lórí ìdúró tó ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sì fi ọwọ́ kejì mi wáyà ọrùn rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ẹ tó mi kọ́kọ́rọ́. Èyí tí ẹ bá mi tí ẹ̀rọ dákẹ́ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Láti ara bátìrì lọ sí iwájú

Ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà wà nílùú wa níbí, ọ̀nà kan náà tí àwọn oníṣẹ́ ibẹ̀ sì ń gbà tọpa iná ni kí ẹ gbà: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orísun, kí ẹ máa bọ̀ ní ìpele ìpele, kí ẹ má ṣe fo ibì kankan.

Ẹ gbé mítà sí fóòtì DC, ẹ fi ọwọ́ dúdú rẹ̀ kan orí nẹ́gétíìfù bátìrì, kí ẹ fi ọwọ́ pupa kan orí pọ́sítíìfù, nígbà tí alùpùpù ti sinmi fún wákàtí díẹ̀. Bátìrì tó kún yóò fi fóòtì 12.6 sí 12.8 hàn, bí ó bá ti kéré sí 12, ẹ lọ gba iná sí i kí ẹ tó sọ ohunkóhun mìíràn, torí ìdánwò yòówù tí ẹ bá fi bátìrì aláìlera ṣe yóò ṣì yín lọ́nà. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí mítà wà níbẹ̀, kí ẹnìkan tẹ bọ́tìnnì sítátà. Bí fóòtì bá já wálẹ̀ títí tó fi kéré sí 10, bátìrì ti ń darúgbó, tàbí orí rẹ̀ kò dì dáadáa. Lẹ́búlẹ́bú funfun tàbí èyí tó dà bí àwọ̀ ewé lórí bátìrì kì í jẹ́ kí iná kọjá. Ẹ tú nẹ́gétíìfù kọ́kọ́, lẹ́yìn náà pọ́sítíìfù, kí ẹ fi omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, kí ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ dè é padà gírígírí, pọ́sítíìfù ni kí ó ṣáájú. Ẹ tún tẹ̀ lé wáyà nẹ́gétíìfù dé ibi tó ti so mọ́ irin, torí bóòtù ibẹ̀ a máa dípẹtà lábẹ́ ọ̀dà láìjẹ́ pé ojú rí i.

Fíúsì kò jìnnà sí bátìrì, ó sì sábà máa ń jẹ́ ámpù 10 tàbí 15; nọ́ńbà náà wà lára rẹ̀. Ẹ má ṣe fi ojú nìkan wò ó, ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n, nítorí fíúsì a máa sán ní ibi tí ike bò. Bí ó bá ti jó, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu ni kí ẹ fi síbẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi bébà dídán inú páálí sìgá tàbí okùn wáyà lásán dí ojú fíúsì. Ohun tó jó fíúsì yẹn ṣì wà nínú alùpùpù, bí kò bá sì rí fíúsì jó mọ́, àpapọ̀ wáyà gan-an ni yóò jó, tòun ti ike àti epo tó wà nítòsí rẹ̀. Bí fíúsì tuntun bá jó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ẹ tan kọ́kọ́rọ́, wáyà kan ti bó tó ń kan irin ní apá ibi tí iná ti ń jáde nínú súwíìsì. Bí ó bá jó kí ẹ tó tan kọ́kọ́rọ́ rárá, wáyà pupa tó wà láàárín fíúsì àti súwíìsì ni kí ẹ wò.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì

Bí iná bá dá ṣáká títí dé ibí yìí, ìgbà yìí ló tó tọ́ kí a tú ike iwájú. Ẹ kó gbogbo sùkúrù sínú abọ́ kan, kí ẹ sì rántí èyí tó gùn àti èyí tó kúrú, torí sùkúrù gígùn tí a bá fi sí ojú kúkúrú lè gún wáyà tó wà lẹ́yìn ike. Ẹ tẹ̀ lé wáyà tó jáde láti ìdí ihò kọ́kọ́rọ́, ẹ ó rí sọ́kẹ́ẹ̀tì ike kan tí àwọn wáyà náà ti bá ti alùpùpù pàdé. Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù, torí àìsàn tí a ń rí nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí pọ̀ ju èyí tí a ń rí nínú súwíìsì fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ di ike sọ́kẹ́ẹ̀tì mú, kì í ṣe wáyà, kí ẹ tẹ ìkọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ fà á yà. Ẹ gbé e sójú oòrùn kí ẹ wo inú rẹ̀. Idẹ tó ní àlàáfíà pọ́n, ó sì ń dán. Bí ẹ bá rí èyí tó ti yọ àwọ̀ ewé, omi ti wọ ibẹ̀. Òjò wa máa ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹta títí dé oṣù kẹwàá, àwọn tó ń fọ ọkọ̀ sì ń fi omi alágbára bọ ojú kọ́kọ́rọ́ tààrà. Bí ike tó yí ihò kan ká bá ti pọ́n bí ṣúgà tó jóná, tàbí tó ti yọ́, idẹ ibẹ̀ kò dì mọ́ èkejì rẹ̀, ó sì ti ń gbóná láti ọjọ́ pípẹ́. Ihò wáyà pupa ni èyí sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí, torí òun ni gbogbo iná ń gbà kọjá. Èyí tó yọ àwọ̀ ewé ṣeé fọ̀ pẹ̀lú oògùn olómi tí wọ́n ń fọ́n sí ojú iná láti fọ̀ ọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́. Bí ihò idẹ bá ti là, ẹ fi ẹnu abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́ padà díẹ̀ kí ó lè di èkejì rẹ̀ mú. Èyí tí ike rẹ̀ ti yọ́ kò ṣeé tọ́jú, sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun ni kí ẹ fi síbẹ̀, kódà bí súwíìsì kò bá tilẹ̀ ní nǹkan kan.

Ìdánwò súwíìsì fúnra rẹ̀

Ẹ so sọ́kẹ́ẹ̀tì padà. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ dúdú mítà wà lórí nẹ́gétíìfù bátìrì, kí ẹ sì ti ọwọ́ pupa bọ ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì títí yóò fi kan idẹ wáyà pupa. Iye tí ẹ rí lára bátìrì ni kí ẹ rí níbẹ̀. Bí kò bá sí, àìsàn wà lẹ́yìn yín, láàárín fíúsì àti ibí yìí. Ẹ wá bọ́ sí wáyà dúdú, kí ẹ tan kọ́kọ́rọ́. Bí wáyà pupa bá ní 12.6 tí wáyà dúdú kò ní nǹkan kan, iná wọlé kò jáde, ẹ ti rí ẹ̀rí tí ẹ ń wá.

Ṣùgbọ́n mítà lè tan ènìyàn jẹ, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọṣẹ́ gbọ́ èyí dáadáa. Mítà kì í gba iná púpọ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Okùn bàbà kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù nínú wáyà lè gbé fóòtì 12 dé ojú rẹ̀, kí ó sì dà bí ẹni pé ohun gbogbo dára. Ẹ mú gílóòbù iná bíréèkì, ẹ so wáyà méjì mọ́ ọn, kí ẹ fi ọ̀kan kan nẹ́gétíìfù, kí ẹ fi èkejì kan wáyà dúdú nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà ní ipò títàn. Bí ó bá tàn rokoṣo, súwíìsì lè gbé ẹrù. Bí ó bá tàn fírífírí nígbà tí mítà ń sọ pé 12 pé, awẹ́ idẹ inú súwíìsì lè ti jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ nọ́ńbà gidi, kí ó fi ọwọ́ mítà kan kan wáyà pupa, kí ó fi èkejì kan wáyà dúdú, kí kọ́kọ́rọ́ wà ní ipò títàn, kí bíréèkì wà ní dídìmú, kí fèrè sì máa dún. Ohun tí mítà bá sọ ní àkókò yẹn ni fóòtì tí súwíìsì ń jẹ mọ́lẹ̀. Èyí tí kò ju 0.2 lọ dára. Èyí tó ti kọjá 0.5 ti ṣetán láti lọ. Mi ò ní kí ẹ lo iná iwájú fún ìdánwò yìí, torí lára ọ̀pọ̀ sùkútà, iná iwájú ń gba agbára tirẹ̀ tààrà láti ara ẹ̀rọ, kò ní tàn bí ẹ̀rọ kò bá ṣiṣẹ́.

Ní ti wáyà onílà funfun, ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé mítà sí óómù, ibi tó ti ń wọn bí ọ̀nà iná ṣe dí tó, kí ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kan ara wọn kí ẹ lè mọ iye tí wáyà mítà fúnra rẹ̀ ń mú wá. Ní apá tó lọ sínú súwíìsì, ẹ wọn dúdú onílà funfun sí aláwọ̀ ewé. Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní pípa, ó yẹ kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Nígbà tí ẹ bá tàn án, kò gbọdọ̀ sí ìsopọ̀ kankan láàárín wọn. Ẹ mi kọ́kọ́rọ́ sápá òsì àti ọ̀tún nígbà tí mítà wà níbẹ̀. Bí nọ́ńbà bá ń fò, ẹ̀rọ yóò máa kú lójú ọ̀nà nígbà tó bá wù ú. Lára ẹ̀rọ tí kò nílò iná bátìrì fún púlọ́ọ̀gì, ẹ̀rí tó rọrùn jù ni pé kí ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí sílẹ̀, kí ẹ ta kíìkì. Bí ẹ̀rọ tó ti kọ̀ láti àárọ̀ bá gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, súwíìsì ló ń pa á. Ẹ rántí pé kọ́kọ́rọ́ kò ní lè pa ẹ̀rọ ní àkókò yẹn, nítorí náà kí táyà ẹ̀yìn wà lókè, kí ẹ pa kọ́kọ́rọ́ ṣáájú, bí ẹ bá sì ti fi sọ́kẹ́ẹ̀tì padà, ẹ̀rọ á kú.

Ohun tí ìdánwò yìí kò kàn ni sùkútà tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ní ẹ̀rọ ìdánimọ̀ kékeré nínú. Bí iná kan bá ń ṣẹ́jú ní dáṣíbọ́ọ̀dù, tí ẹ̀rọ ń yí láìgbà, ẹ gbìyànjú kọ́kọ́rọ́ kejì kí ẹ tó tú ohunkóhun. Bí ó bá gbà pẹ̀lú rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ lẹ ó gbé lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà alùpùpù. Wáyà kò ṣẹ̀ ní tirẹ̀.

Bí kọ́kọ́rọ́ bá le tàbí tó ń yọ jáde

Àìsàn irin yàtọ̀ sí àìsàn iná. Eruku pupa ọ̀nà wa, pàápàá nígbà ọyẹ́, máa ń wọ ihò kọ́kọ́rọ́, àwọn ènìyàn sì ń da òróró ẹ̀rọ sí i. Òróró yẹn á rọ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà á kó eruku jọ di ẹrẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú gráfáìtì ló yẹ. Ẹ lè ha dúdú inú pẹ́ńsù sára kọ́kọ́rọ́, kí ẹ tì í wọlé kí ẹ fà á jáde lẹ́ẹ̀mélòó kan. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ṣeé yọ nígbà tó ṣì wà ní ipò títàn, irin inú ti jẹ, pípààrọ̀ ló kù. Ẹ má ṣe so kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, ti ilé àti ti géètì pọ̀ mọ́ ti sùkútà. Ìwọ̀n wọn ń fa irin náà ní gbogbo kòtò tí ẹ bá bọ́ sí. Bí ẹ bá sì fẹ́ gé ẹ̀dà, ara kọ́kọ́rọ́ tí ẹ kì í lò ni kí wọ́n ti gé e, torí ẹ̀dà tí wọ́n bá gé lára èyí tó ti jẹ yóò jogún jíjẹ rẹ̀.

Pípààrọ̀

Bí ẹ̀rí bá ti fìdí múlẹ̀, ẹ yọ ti àtijọ́ kí ẹ mú un dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù. Iye wáyà, àwòrán sọ́kẹ́ẹ̀tì àti àyè bóòtù rẹ̀ gbọ́dọ̀ bára mu. Orúkọ alùpùpù nìkan kò tó, torí ilé-iṣẹ́ kan náà a máa yí sọ́kẹ́ẹ̀tì padà láti ọdún kan sí òmíràn. Òmíràn ń bá kọ́kọ́rọ́ abẹ́ ìjókòó àti ti ọmọrí epo rìn pọ̀, ẹ ó sì ní láti pinnu bóyá ẹ fẹ́ máa lo kọ́kọ́rọ́ méjì. Bí tuntun kò bá sí lọ́jà, ike ìsàlẹ̀ súwíìsì ṣeé tú lára àwọn kan: ẹ tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀ kí ẹ tó ṣí i, torí sípíríngì àti góńgó kékeré inú rẹ̀ máa ń fò, ẹ fi sáńpépà tó kúnná jù nu dúdú orí awẹ́ idẹ, kí ẹ nù ún mọ́, kí ẹ tò ó padà. Ó máa ń ra àkókò fún ènìyàn, ṣùgbọ́n èyí tí ooru bá ti ba ike rẹ̀ jẹ́ kò ní pẹ́.

Ẹ tú nẹ́gétíìfù bátìrì kí ẹ tó yọ ohunkóhun. Bóòtù tó dè súwíìsì lè jẹ́ irú èyí tí orí rẹ̀ máa ń já nígbà tí wọ́n dè é ní ilé-iṣẹ́, kí olè má baà rí i tú. Irú rẹ̀ gba pé kí ẹ lù ú yí jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ṣísẹ́lì, kí ẹ má sì lu ọrùn alùpùpù. Bí ẹ bá ní láti so wáyà pọ̀, ẹ fi léèdì jó o, kí ẹ fi rọ́bà tí ń súnkì bí ooru bá kàn án bò ó. Lílọ́ wáyà pọ̀ kí a sì wé téèpù mọ́ ọn kò lè fara da òjò Òṣogbo.

Àwọn kan yóò sọ fún yín pé kí ẹ jẹ́ kí àwọn so wáyà pupa mọ́ dúdú, kí àwọn fi súwíìsì kékeré kan pamọ́ sábẹ́ ìjókòó dípò rẹ̀. Mo rọ̀ yín, ẹ má gbà. Súwíìsì ilé tí wọ́n ń lò kì í ṣe èyí tí a ṣe fún ẹrù bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń so ó láìgba ojú fíúsì, hándù kò sì ní títì mọ́, ẹnikẹ́ni tó bá sì rí súwíìsì náà ní ibi tí ẹ páàkì sí ní Ìgbóǹnà tàbí Òkè-Fíà lè gbé e lọ.

Kí ẹ tó dá ike iwájú padà, ẹ yí hándù dé òpin òsì àti òpin ọ̀tún, kí ẹ rí i pé wáyà kankan kò nà, kò sì há. Ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ fún un ní epo díẹ̀, kí ẹ wọn bátìrì: ó yẹ kí ó wà láàárín fóòtì 13.5 sí 14.5. Ẹ pa kọ́kọ́rọ́, kí ẹ rí i pé ẹ̀rọ kú lójú ẹsẹ̀, kí ẹ ti hándù pa, kí ẹ tú u. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ dá ike padà, kí ẹ gùn ún gba ọ̀nà oníkòtò kan lọ kí ẹ tó gbé e fún ẹni tó ni ín.